Ìkòkò Kan, Abọ́ Mẹ́ta

Ó ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí àwọn òbí ti bi mí pé irú ìwé wo ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi nílé, àti pé báwo ni ènìyàn kan ṣoṣo ṣe lè kọ́ ọmọ mẹ́ta tí ọjọ́ orí wọn jìnnà sí ara wọn. Ìbéèrè náà kò ṣe é dáhùn lórí ìdúró, nítorí náà ni mo ṣe jókòó tì í lónìí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí. Ohun tí òwe náà kò sọ ni ohun tí a ó fi kọ́ ọmọ ọ̀hún, pàápàá nígbà tí ẹ̀gbọ́n ti ń ka ìtàn ìjọba, tí àbúrò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìka tọ lẹ́tà A.

Kàbà ni à ń gbé, láàrin àwọn Owé. Fún ẹni tí kò mọ agbègbè wa, Òkun ni orúkọ tí gbogbo wa ń jẹ́ pọ̀: Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Òwòrò. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń kí ara wa ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ. Láti ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ni a ti wà nínú rẹ̀. Kwara ni wọ́n kà wá mọ́ ṣáájú ìgbà náà. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta èmi àti ọkọ mi lọ́rẹ. Àkọ́bí jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún 12. Èkejì jẹ́ ọkùnrin, ọmọ ọdún 9. Àbígbẹ̀yìn jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún 5. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, tí mo sì gba ìránṣọ mú.

Ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin yìí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti wà ní kíláàsì kẹrin nígbà náà. Ó lè ka ojú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìkọsẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá pa ìwé náà dé, tí a ní kí ó sọ ohun tí ó kà, kò ní nǹkan kan láti sọ. Bí a bá fi èdè Owé bi í, Gẹ̀ẹ́sì tí kò dá múṣémúṣé ni yóò fi dáhùn. Ọmọ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́, owó ń lọ, ìwé kíkà sì dà bí omi tí a dà sẹ́yìn ẹyẹ pẹ́pẹ́yẹ lójú rẹ̀. Èmi àti bàbá wọn wò ó pé bí kò bá yé e nísinsìnyí, ẹ̀rù ìwé ni yóò máa bà á títí di àgbà. Ohun tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí fún wa nìyẹn. Kì í ṣe àṣà ìgbàlódé ni a ń lé.

Kí n tó dé orí ìwé, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ òfin ṣáájú. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2004 pa á láṣẹ fún gbogbo òbí pé kí ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìpele kékeré ti girama, kí ó sì parí rẹ̀. Nítorí náà, a kò yọ orúkọ àwọn ọmọ wa kúrò nínú ìwé ìjọba. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan tí ìjọ dá sílẹ̀ ládùúgbò wa gbà wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ ní ọjọ́ méjì láàrin ọ̀sẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọn yóò sì ti ṣe ìdánwò. Ọjọ́ yòókù, ọwọ́ mi ni wọ́n wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ irú ọ̀nà yìí, kí ó kọ́kọ́ bá àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ìlú rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó má jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sáré kiri.

Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ètò ẹ̀kọ́ tí àwọn Kristẹni ṣe fún lílò nínú ilé, mo rí i pé wọ́n pọ̀ bí ewé, ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wò wọ́n, ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn pín sí.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Abeka wà nínú èyí. Ìlú Pensacola ní Florida ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1972, orúkọ Beka Horton tí òun àti ọkọ rẹ̀ dá a sílẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, ìró lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ dúró ti ọmọ. Accelerated Christian Education, tí a mọ̀ sí A.C.E., náà wà níbẹ̀. Donald Howard àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Texas ní 1970, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan sì ń lò ó ní Nàìjíríà níhìn-ín. Ìwé pélébé ni tiwọn, 12 fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láàrin ọdún. Ọmọ yóò kọ́kọ́ ṣe ìdánwò tí yóò fi ibi tí ó kù sí hàn, lẹ́yìn náà ni yóò máa dá kàwé fúnra rẹ̀. Àyàfi bí ó bá gba 80 nínú 100 kí ó tó lè bọ́ sórí ìwé tí ó kàn.

Mo fẹ́ràn ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀ yẹn gidigidi, nítorí kò bèèrè kíláàsì tí ọmọ wà. Ohun tí ọmọ mọ̀ ni ó ń bèèrè. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Iṣẹ́ márùn-ún lọ́nà 12 jẹ́ ìwé 60 fún ọmọ kan láàrin ọdún kan. Fún ọmọ méjì, ó di 120, àbígbẹ̀yìn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Inú ìwé náà gan-an ni ọmọ ń kọ ìdáhùn sí, nítorí náà àbúrò kò lè jogún ìwé ẹ̀gbọ́n. Ohun mìíràn tún wà: ọmọkùnrin wa, tí ìṣòro rẹ̀ jẹ́ pé ó ń kàwé láìgbọ́ ọ, ni à bá tún fi sí ìdí ìwé kan, kí ó máa dá nìkan kà á.

Ọ̀nà kejì ni kí gbogbo ilé jọ kọ́ ohun kan náà, kí olúkúlùkù sì gbé e dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. My Father's World jẹ́ ọ̀kan nínú irú èyí: ó ní ìyípo ọdún márùn-ún, láti orí àwọn orílẹ̀-èdè ayé, dé orí ìṣẹ̀dá, dé ìgbà tiwa yìí, tí àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn yàtọ̀ yóò jọ máa rìn pọ̀. Sonlight, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1990, fi ìwé ìtàn ṣe òpó. Àwọn ìdílé míṣọ́nnárì tí wọ́n wà ní ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. AmblesideOnline ń tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ Charlotte Mason, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé ayé láti 1842 sí 1923, ọ̀fẹ́ sì ni ètò náà, bí a bá yọ owó dátà àti owó ìwé kúrò. Ọ̀rọ̀ Charlotte Mason kan wọ̀ mí lára: kí ẹ̀kọ́ ọmọdé má ṣe gùn, kí a sì ní kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ rò ó padà lẹ́yìn kíkà kan ṣoṣo. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Kí ni àwọn ìyá wa ń ṣe lẹ́yìn àlọ́ bí kì í bá ṣe èyí? Wọn a pa àlọ́ lálẹ́ òní, lálẹ́ ọ̀la wọn a ní kí ọmọ kan pa á fún àwọn yòókù.

Síbẹ̀, bí ètò wọ̀nyí ti dára tó, ibi tí wọ́n ti wá hàn lára wọn. Dọ́là àti sẹ́ǹtì ni wọ́n fi ń kọ́ ìṣirò owó. Máìlì àti ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń wọn nǹkan, nígbà tí ìwé ìdánwò wa ń sọ mítà àti kìlómítà. Ọmọ tí ó bá fi wọ́n kọ́ ìsípẹ́lì yóò yọ lẹ́tà "u" kúrò níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ wa ti ń fẹ́ kí ó wà. Ìtàn George Washington gùn nínú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ fún ọmọ mi pé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ-ogun Royal Niger Company wọ Kàbà yìí, níbi tí ọmọ-ogun Nupe ti pàgọ́ sí tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó lọ kọlu Bídà. Kò sí ẹni tí yóò fi aṣọ ìpò hàn án, aṣọ pupa tí àwọn Bùnú fi ń sin olóyè àgbà. Bí mo bá ra àpótí ìwé kan, tí mo sì gbé gbogbo ẹ̀kọ́ lé e lọ́wọ́, ọmọ mi yóò mọ Ọlọ́run àwọn ará Florida, yóò sì rò pé Ọlọ́run náà kò gba Kàbà kọjá rí.

Nígbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn. Ṣé ohun tuntun ni kí ọmọ oníkálukú ọjọ́ orí jókòó sínú ilé kan, kí wọ́n máa gba ẹ̀kọ́ Kristẹni ní ilẹ̀ Yorùbá? Rárá o. Ní ọdún 1853 ni Anna Hinderer àti David ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn láti máa gbé ibẹ̀, Kúdẹtì ni ilé wọn wà. Inú ilé yẹn ni Anna ti kó àwọn ọmọdé jọ, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì ń kàwé níbẹ̀. Olóyè Olúńlọ́yọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì ránṣẹ́ sí i, Akínyẹlé àti Yéjídé. Kíkà, orin, abẹ́rẹ́ àti àdúrà ni wọ́n ń kọ́. Nígbà tí ogun Ìjàyè dí ọ̀nà ní àwọn ọdún 1860, ebi pa olùkọ́ àti ọmọ pọ̀. Kò sí àpótí ìwé tí ó ń bọ̀ láti òkè òkun lọ́dọọdún.

Ìwé tí wọ́n ní ni ìpín Bíbélì tí ó ti wà ní èdè Yorùbá. Ní 1850 ni ìtumọ̀ Ìwé Róòmù tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe jáde. Ní 1884 ni odidi Bíbélì Yorùbá tó pé. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, Crowther dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Lọ́kọ́jà ní 1865. Ní 1908 sì ni Thomas Titcombe ti ìjọ SIM dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Ìyàgbà; orúkọ rẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1951 ń jẹ́. Ju ọgbọ̀n ọdún lọ ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ kí ọmọ Yorùbá tó lè ka Bíbélì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní èdè ìyá rẹ̀. Ṣé a ó wá fi í sórí pẹpẹ, kí a máa fi dọ́là ra ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ìṣirò?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yé mi nìyẹn. Ìyá tí ó ní ọmọ mẹ́ta kì í gbé ìkòkò mẹ́ta kaná. Ìkòkò kan ni yóò sè, abọ́ mẹ́ta ni yóò sì bù ú sí. Bó bá dé orí ti àbígbẹ̀yìn, yóò yọ egungun inú ẹja fún un. Ẹ̀kọ́ tí gbogbo ènìyàn lè jẹ pọ̀, ẹ jẹ́ kí a sè é pọ̀. Èyí tí ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ara wọn bí àtẹ̀gùn, kí a fún oníkálukú ní tirẹ̀. Bíbélì, ìtàn, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, sáyẹ́ǹsì, orin àti Yorùbá wà nínú ìkòkò. Ìṣirò, ìwé kíkà àti gírámà Gẹ̀ẹ́sì wà nínú abọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, a ó ka Bíbélì Yorùbá, orí kan tàbí ìdajì orí. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìtàn Jósẹ́fù ni. Àbígbẹ̀yìn yóò ya ẹ̀wù aláràbarà náà, yóò sì sọ gbólóhùn méjì nípa rẹ̀. Èkejì yóò fi ẹnu rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi kòtò. Àkọ́bí yóò kọ ojú ewé kan lórí bóyá Jákọ́bù náà ní ẹ̀bi nínú ìjà àwọn ọmọ rẹ̀. Ìtàn kan ni, kò sí ẹni tí ó kéré jù fún un, kò sì sí ẹni tí ó ti kọjá rẹ̀.

Sáyẹ́ǹsì náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kaṣú bá so, kaṣú ni à ń kọ́. Èyí tó kéré jù yóò ka hóró rẹ̀ ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin yóò wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, yóò sì ṣírò iye tí kìlógíráàmù mẹ́ta àtààbọ̀ yóò jẹ́ ní náírà. Àkọ́bí yóò ka bí ewé ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, yóò sì ṣírò èrè àgbẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ìtàn, mo yá ìlànà ìyípo ọdún márùn-ún yẹn, ṣùgbọ́n èmi ni mo to ohun tí ó wà nínú rẹ̀: bí a bá dé ìgbà Paulu, a ó dé Ẹtiópíà, bí a bá dé ọ̀rúndún 19, Crowther, Bídà àti Kàbà wà níbẹ̀.

Ní ti abọ́, ìwé ìṣirò àti gírámà tí ó bá ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Nàìjíríà mu ni a rà fún àwọn àgbà méjèèjì, nítorí ìdánwò JSS3 ń bọ̀ lórí àkọ́bí, WAEC sì wà níwájú. Ìwé òkè òkun kan ṣoṣo tí a rà ni ìwé ìró lẹ́tà ti àbígbẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé ọmọkùnrin náà nílò rẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n ojú yóò ti ọmọ ọdún 9 bí a bá gbé ìwé ọmọ ọdún 5 fún un. Mo wá yàn án ní olùkọ́ àbúrò rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Kí ó tó lè kọ́ ọ, ó ní láti jókòó tì mí kí n là á yé e. Oṣù mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí a ka ìtàn Rúùtù, ó rò ó padà ní èdè Owé láìsí ìrànlọ́wọ́, ó sì fi ìbéèrè kan kún un: kí ló dé tí Órípà padà, ṣé ó burú ni? Èmi kò dá a lóhùn kíá. Mo fẹ́ kí ó gbé ìbéèrè náà fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Àwọn kan yóò sọ pé Yorùbá yóò dí ọmọ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò ní ilẹ̀ wa. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 wọ́n tún fagi lé e. Ohun tí ìjọba gbé lé, tí ó sì sọ̀, ó wà lọ́wọ́ òbí láti gbé e nílé.

Ìyá ọkọ mi kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí máa jókòó sílé bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ni?" Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ̀yin gan-an wà lára àwọn olùkọ́ wọn." Láti ìgbà náà, ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ti Màmá. Àlọ́, oríkì, orúkọ ewé àti bí a ṣe ń kí àgbà ní èdè Owé ni iṣẹ́ wọn. Yorùbá ti pe èyí ní ẹ̀kọ́ ilé tipẹ́tipẹ́, kò sì sí ilé ìtẹ̀wé tí ó ń tà á.

N kò ní sọ fún yín pé gbogbo rẹ̀ dán mọ́rán. Ẹgbẹ́ ń wu àkọ́bí mi. Ó bi mí pé, "Màmi, ta ni mo fẹ́ bá díje?" Ọjọ́ méjì láàrin ọ̀sẹ̀ kò tó fún ọmọ tí ó fẹ́ràn ènìyàn. Èmi àti bàbá rẹ̀ ti ṣèlérí fún un pé lẹ́yìn JSS3, bí ó bá fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní gbogbo ọjọ́, yóò lọ, a kò sì ní kà á sí ìkùnà. Ètò ẹ̀kọ́ tí kò lè jẹ́ kí ọmọ kúrò nílé nígbà tí ó bá tó àkókò ti di ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ fẹ́ yan ìwé, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ilé-iṣẹ́ tàbí àwòrán ẹ̀yìn ìwé. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ìdánwò wo ni ọmọ yìí yóò ṣe? Kí ni àwọn ọmọ mi lè kọ́ pọ̀? Kí ni olúkúlùkù gbọ́dọ̀ dá kọ́? Èdè wo ni wọn yóò fi gbàdúrà bí n kò bá sí mọ́? Wákàtí mélòó ni mo ní lóòótọ́ láàrin ọ̀sẹ̀? Ẹni tí ó bá ti dáhùn márààrún yìí, ìwé tí yóò rà kò ní pọ̀ mọ́, èyí tí ó bá sì rà yóò wúlò.

Bí ẹ bá ní ọ̀nà mìíràn tí ẹ̀ ń gbà ṣe é nílé yín, ẹ jẹ́ kí a gbọ́. Olúwa yóò bá wa wo àwọn ọmọ wa o. Òkun o, ó dìgbà kan ná.